Ọ̀nà Tí Euler Gbà Dé 641

Èso mẹ́jọ ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀nà méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gbà balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256. Bí babaláwo mẹ́rin bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ pa pọ̀, ọ̀nà tí gbogbo rẹ̀ lè gbà balẹ̀ jẹ́ 4,294,967,296. Ẹ fi 1 kún un, ẹ ti dé orí nọ́ńbà tó já Pierre de Fermat kulẹ̀.

Amòfin ni Fermat ní ìlú Toulouse, ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1640, ó fi 1 kún 2¹, 2², 2⁴, 2⁸ àti 2¹⁶, ó sì rí 3, 5, 17, 257 àti 65,537. Práìmù ni gbogbo wọn: kò sí nọ́ńbà tó lè pín wọn láìṣẹ́kù, àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Ó wá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ìyókù yóò máa rí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jẹ́wọ́ pé òun kò ní ẹ̀rí. Èyí tó kàn ni 2³² + 1, ìyẹn 4,294,967,297.

Ní 1732, Leonhard Euler, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní St Petersburg, fi hàn pé 641 × 6,700,417 ni.

Ẹ̀rí kúkúrú kan wà tí àwọn ìwé ìṣirò fẹ́ràn. 641 jẹ́ 640 + 1, nítorí náà ó pín 640⁴ − 1. Ó tún jẹ́ 5⁴ + 2⁴; bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 2²⁸, a ó rí 640⁴ + 2³². Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì: 2³² + 1 ló kù, 641 sì gbọ́dọ̀ pín in. Ẹwà ẹ̀rí yìí kò ṣeé sẹ́. Àmọ́ ó ní àbùkù: 641 kàn yọ síni lójijì ni. Ẹni tó kà á yóò gbà pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá gbé nọ́ńbà mìíràn lé e lọ́wọ́, kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àlàyé tí Euler fúnra rẹ̀ ṣe nígbà tó yá ló yẹ ká gbé gẹ̀gẹ̀. Ó fi hàn pé práìmù yòówù tó bá máa pín 2³² + 1, bí a bá fi 64 pín òun náà, 1 ni yóò ṣẹ́ kù. Práìmù 115 ló wà ṣáájú 641. Nínú gbogbo wọn, 193, 257, 449 àti 577 nìkan ni òfin yìí fi sílẹ̀ láti dán wò. Ìkarùn-ún ni 641.

Òfin náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1880, Fortuné Landry, ọmọ Faransé ẹni ọdún 82, rí i pé 274,177 pín 2⁶⁴ + 1. Fún nọ́ńbà yìí, 128 ló rọ́pò 64 nínú òfin náà: bí a bá fi 128 pín 274,177, 1 ló ń ṣẹ́ kù. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tíì rí práìmù mìíràn nínú ìdílé yìí lẹ́yìn 65,537. Èyí tó kéré jù lọ tí a kò tíì mọ ipò rẹ̀ ni 2 tí a gbé dé agbára 8,589,934,592, pẹ̀lú 1 lórí rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń wá ohun tí yóò pín in kò bẹ̀rẹ̀ láti orí 3. Irú nọ́ńbà tí òfin Euler yàn sọ́tọ̀ nìkan ni wọ́n ń dán wò.