Ikùn Ni Adájọ́

Ọkọ̀ ẹran ló kọ́kọ́ ta wá lólobó nínú La Grande Bouffe, fíìmù tí Marco Ferreri, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, gbé jáde ní 1973. Ọkọ̀ náà yà sí ọgbà ilé àtijọ́ kan ní Párísì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù sílẹ̀: ìmàdò, àgbọ̀nrín, awó, àkùkọ. Ẹni tó bá bá wọn níbẹ̀ yóò ní ìyàwó ni wọ́n fẹ́ gbé. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan tí wọ́n rí já jẹ ni wọ́n ti fi ohùn ṣọ̀kan pé àwọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́rí, àwọn yóò sì jẹun títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára àwọn. Ugo ní ilé oúnjẹ, Marcello ń wa ọkọ̀ òfuurufú, Michel ń ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, Philippe sì jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́. Orúkọ àkọ́kọ́ tí àwọn òṣèré náà, Tognazzi, Mastroianni, Piccoli àti Noiret, ń jẹ́ nílé ni wọ́n ń jẹ́ nínú eré. Ferreri kò jẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn jókòó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wa, ó sì ṣe é re.

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Cannes lọ́dún náà, ariwo ta. Àwọn kan bú u bí ẹni láyin, síbẹ̀ àwọn òǹkọ̀wé sinimá fún un ní ìpín nínú àmì-ẹ̀yẹ tiwọn. Ohun tí àwọn tó bínú kò fẹ́ gbà ni pé fíìmù náà dùn ún wò. Ọ̀bẹ Ugo ń lọ wéréwéré, ìkòkò ń hó, gbogbo ilé ìdáná kún fọ́fọ́, itọ́ á sì máa dá sí ẹni tó ń wò lẹ́nu. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n Ferreri wà. Olùdarí tó bá fẹ́ kí a kórìíra wọ̀bìà, tó wá gbé oúnjẹ ìríra síwájú wa láti ìbẹ̀rẹ̀, kò tíì ṣe nǹkan kan. Ferreri fi adùn mú wa jókòó ná, ó wá ń bu oúnjẹ lé oúnjẹ títí ohun tí a ń fẹ́ fi di ohun tí ojú ń sá fún. Nígbà tó kan Ugo, ó fi ẹ̀dọ̀ ẹyẹ lílọ̀ mọ nǹkan rìbìtì gàgàrà kan, àwọn tó kù kò lè bá a jẹ ẹ́, òun nìkan ló dojú kọ ọ́. Orí tábìlì ilé ìdáná ló kú sí, Philippe sì ń fi oúnjẹ náà sí i lẹ́nu bó ti ń kú lọ.

Obìnrin kan wà láàárín wọn, Andréa, olùkọ́ iléèwé tí wọ́n pè wá jẹun. Ó ń bá wọn jẹ lójoojúmọ́, òun ló sì kù nígbà tí gbogbo wọn lọ. N kò gbà pé ikùn rẹ̀ ló lágbára ju tiwọn lọ. Andréa ń jẹ nítorí pé oúnjẹ dùn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ fi oúnjẹ dí ihò tí kò sí nínú ikùn.

Àwa tí a gbọ́ àlọ́ Ìjàpá dàgbà mọ irú ìdájọ́ tí ikùn ń dá fún wọ̀bìà yìí dáadáa. Àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀ kí ó lè lóyún, Ìjàpá jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́, ikùn rẹ̀ ti wú, ó ti tú àṣírí rẹ̀. Àwọn apanilẹ́rìn-ín Monty Python ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní 1983 nínú The Meaning of Life. Ọ̀gbẹ́ni Creosote, tí Terry Jones ṣe, wọ ilé oúnjẹ olówó ńlá, ó jẹ, ó bì, ó tún jẹ. John Cleese tó ń ṣe agbáwo wá ń fi ohùn jẹ́jẹ́ rọ̀ ọ́ pé kí ó fi súìtì míǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo parí rẹ̀. Súìtì yẹn ló mú kí ó bẹ́. Egungun ìhà rẹ̀ yọ síta, ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù, agbáwo sì gbé bíìlì wá bá a níbi tó jókòó sí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n àpárá ni, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí mo máa ń padà sí ni Spirited Away, iṣẹ́ Hayao Miyazaki ará Japan, tó jáde ní 2001, tó sì gba Oscar ní 2003. Chihiro, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń bá bàbá àti ìyá rẹ̀ kó lọ sílé tuntun. Wọ́n ṣìnà, wọ́n gba inú ihò kan kọjá, wọ́n sì dé àdúgbò tó dá páropáro, àfi òórùn oúnjẹ. Ẹ wo bí Miyazaki ṣe ya oúnjẹ náà: ó ń dán fún ọ̀rá, èéfín ń rú lórí rẹ̀, ẹran kan wà níbẹ̀ tó rọ̀ débi pé ó ń mì nígbà tí bàbá gbé e sórí àwo. Wọn kò rí olóúnjẹ, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n jókòó. Bàbá ní kí ọmọ fọkàn balẹ̀, pé owó wà lọ́wọ́ òun, káàdì báńkì náà sì wà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ó rò pé ohun tí òun lè sanwó rẹ̀ ti di tòun kí ẹnikẹ́ni tó tà á. Chihiro kọ̀, kò jẹ. Nígbà tó fi rìn lọ tó sì padà, ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n ti ń tan àtùpà, ẹlẹ́dẹ̀ tó wọ aṣọ bàbá rẹ̀ ló yíjú sí i.

Síbẹ̀, wọ̀bìà tó jinlẹ̀ jù nínú fíìmù náà ni ti Kaonashi, iwin tó fi ìbòjú bojú, tí kì í lè sọ̀rọ̀. Ó wọ ilé ìwẹ̀ àwọn ẹ̀mí, ó rí i pé wúrà ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wá, ó bá ń yọ wúrà láti àtẹ́lẹwọ́. Kíá, orin ìkíni bẹ̀rẹ̀, àwo ń tẹ̀lé àwo. Ó ń gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó gbé àwọn òṣìṣẹ́ kan mì mọ́ ọn, ohùn ẹni tó kọ́kọ́ gbé mì ló sì fi ń pariwo pé kí wọ́n gbé sí i wá. Chihiro nìkan ni kò gba wúrà rẹ̀. Oògùn tó ń tọ́jú de àwọn òbí rẹ̀ ló bù fún un, ó sì bi gbogbo rẹ̀ jáde. Wúrà náà di erùpẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a tún rí Kaonashi nílé ìyá àgbà kan, ó jókòó pẹ̀lẹ́ sídìí tábìlì, ó ń jẹ kéèkì bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. A kò bí wọ̀bìà mọ́ ọn. Àwọn tó ń sáré gbé àwo wá nítorí wúrà ni wọ́n bọ́ ọ dà bẹ́ẹ̀, mi ò sì tíì rí olùdarí mìíràn tó gbé ẹ̀bi náà lọ síbi tó yẹ tó báyìí.

Galder Gaztelu-Urrutia, ará Sípéènì, sún ọ̀rọ̀ náà síwájú ní 2019 nínú The Platform. Ẹ̀wọ̀n kan ni, àjà lórí àjà, ẹni méjì ní àjà kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ ń gba ihò àárín sọ̀ kalẹ̀. Àwọn òkè á jẹ yó bámúbámú, wọ́n á tutọ́ sí ìyókù, àwọn ìsàlẹ̀ á bá egungun, lẹ́yìn náà àwo lásán. Oṣooṣù ni wọ́n ń pààrọ̀ àjà fún wọn, síbẹ̀ ẹni tí ebi pa lóṣù tó kọjá kì í rántí nígbà tó bá dókè. Fíìmù náà ń pariwo ju bó ti yẹ lọ, pàápàá lápá ìparí, àmọ́ ìran kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Obìnrin kan ń bẹ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n mú ìwọ̀nba, èébú ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ìgbà tí ẹnì kejì rẹ̀ búra pé òun yóò yàgbẹ́ sórí oúnjẹ náà ni wọ́n tó gbọ́ràn.

Olùdarí Gabriel Axel ti dáhùn fún àwọn tó bá rò pé oúnjẹ púpọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Nínú Babette's Feast, tó jáde ní 1987, obìnrin Faransé tó sá wá sí Denmark ń dáná fún àwọn arábìnrin méjì tó ti dàgbà. Ó jẹ tẹ́tẹ́ lọ́tìrì, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá owó franc, ó sì ná gbogbo rẹ̀ sórí oúnjẹ alẹ́ kan ṣoṣo fún ẹni méjìlá. Ọbẹ̀ alábahun wà níbẹ̀ (Ìjàpá rèé lẹ́ẹ̀kan sí i, inú ìkòkò ló wà lọ́tẹ̀ yìí), àparò tí wọ́n tẹ́ sínú ìyẹ̀fun yíyan náà wà. Àwọn ará ìjọ àwọn arábìnrin náà, tí wọ́n wá jẹun, ti pinnu pé àwọn kò ní sọ̀rọ̀ oúnjẹ náà rárá. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, ojú wọn ń tú ká díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ti bá ara wọn jà tipẹ́ sì ń tọrọ àforíjì. N kò rí wọ̀bìà kankan nídìí tábìlì yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Spirited Away, nítorí tọmọdé tàgbà ló bá mu. La Grande Bouffe kì í ṣe ti ọmọdé rárá, ìhòòhò pọ̀ nínú rẹ̀, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó gbé iyán síwájú nígbà tó bá ń wò ó. Ti Babette ni kí ó fi kẹ́yìn, kí ó sì rí i dájú pé nǹkan wà nínú ìkòkò nílé kó tó tan tẹlifíṣọ̀n, torí ebi tí fíìmù yẹn ń dá síni lára kì í gbọ́ àlàyé.