Ahunpọ̀ Ìtàn Kì í Ṣe Ti Ìwé Nìkan: Oyin Adéjọbí àti Ẹ̀kọ́ Òṣogbo

Ó tó gẹ́ẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nínú lámèyítọ́ yéé di gbogbo àléébù fíìmù àgbéléwò Yorùbá ru àwọn òṣèré alárìnká àtijọ́. Àròyé wọn kò yí padà: àwọn baba ìsáájú kò kọ eré sílẹ̀, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wọn kò fi mọ ìtàn í hun. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò fara balẹ̀ wo Òṣogbo. Irú wọn náà ni kì í rántí Oyin Adéjọbí, ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèré ní Òṣogbo, nígbà tí wọ́n bá ń ki Dúró Ládiípọ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú kan náà.

Mo gbà pé Ládiípọ̀ tó ẹni à ń kì. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń kì í fún? Wọ́n ń tọ́ka sí ìwé eré rẹ̀, Ọba Kò So, tí Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1972, wọ́n sì ń gbàgbé pé láti inú téèpù ni R. G. Armstrong, Robert Awújọọlá àti Val Ọláyẹmí ti da eré náà kọ. Kí ìwé ọ̀hún tó jáde, eré náà ti dé Berlin ní 1964, ó sì ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Orí ìtàgé ló ti gbó.

Ẹ wo ìjà Tìmì àti Gbọ̀ńkáà, àwọn akọni Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́, níbẹ̀. Ní Ẹdẹ, Gbọ̀ńkáà fi ọfọ̀ kun Tìmì lóorun, ó sì mú un wá fún ọba. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ti parí. Ṣàngó ní ó di dandan kí wọ́n tún un jà lójú òun. Akọni méjì yẹn náà ló tún kojú ara wọn, ṣùgbọ́n òǹwòran kò fi ojú àná wò wọ́n mọ́. Ìjà ti Ẹdẹ fi hàn wá bí Gbọ̀ńkáà ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ ọba tó. Ti Ọ̀yọ́ fi hàn án pé ọba ò fẹ́ kó pẹ́ láyé. Bó ṣe pa Tìmì tán, ọ̀dọ̀ Ṣàngó ló kọjú sí. Àwítúnwí kan ṣoṣo yìí ló gbé ìtàn náà láti orí ogun bọ́ sórí ìṣubú ọba. Ta ló tún fẹ́ sọ pé a ò mọ ahunpọ̀ ìtàn?

Ti Adéjọbí (1926 sí 2000) ló wá jinlẹ̀ jù lójú tèmi. Àwọn tó wo Kòótù Aṣípa lórí tẹlifíṣàn Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. Àwọn tó wo Orogún Adédigba, fíìmù tó fi ìgbésí ayé ara rẹ̀ ṣe, kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ ṣe eré tuntun, ọ̀gá á sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, á pín ipa fún kálukú. Wọ́n ń kọ́ orin sórí dáadáa, àmọ́ ìsọ̀rọ̀gbèsì di ọwọ́ òṣèré: òun ni yóò wá ọ̀rọ̀ tó bá ipa rẹ̀ mu. Òwe tó bá dùn mọ́ èrò ní ìlú kan yóò jókòó sínú eré. Èyí tó bá kú sẹ́nu, wọ́n á fi í sílẹ̀. Karin Barber, tó bá wọn ṣeré, àti Báyọ̀ Ògúndíjọ tẹ mẹ́ta nínú eré wọn jáde ní 1994. Ọ̀pọ̀ ń dárúkọ ìwé náà. Ìwọ̀nba ló kà á.

Níbi tí a dé yìí, ọ̀ràn náà kúrò lórí ìwé àti àìsí ìwé. Fíìmù Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ni ẹ̀rí mi. Kareem Adépọ̀jù, tí wọ́n ń pè ní Baba Wàndé, ọmọ ẹgbẹ́ Adéjọbí, ló ni ìtàn rẹ̀. Túndé Kèlání ló darí rẹ̀ ní 1993. Ìjòyè kan bá àwọn kan lọ́wọ́ sí títa ilẹ̀ àwọn baba ńlá fún ilé epo, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí wọ́n jọ dá a. Látìgbà náà, gbogbo wa ti mọ ẹni tó kàn. Ìbẹ̀rù ìjòyè náà ló ń gbé ìtàn lọ. Baba Wàndé, tó ṣe ìjòyè náà, mọ ìgbà tó yẹ kí ó pariwo, ó mọ ìgbà tó yẹ kí ó kàn ranjú, nítorí ọjọ́ pípẹ́ ló ti lò níwájú èrò tí kì í gba gbẹ̀rẹ́.

Èrò yẹn gan-an ni fíìmù òde òní sọ nù. Wọ́n á sọ ìtàn lónìí, wọ́n á yà á lọ́la, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó dọ́jà. Ìwé eré nìkan kò lè wo àrùn yìí sàn. Kí àwọn tó ń kọ́ni ní fíìmù ṣíṣe ní yunifásítì wa ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ibi tí wọ́n bá ti ń dìde lọ, kó gé e, ibi tí wọ́n bá ti ń bi í pé, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?", kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ láti ibẹ̀.