Ohùn Mẹ̀kúnnù Nínú Ìwé Àwọn Òǹkọ̀wé Harlem

Láàárín nǹkan bí ọdún 1920 sí 1935, àdúgbò Harlem ní ìlú New York di ojúkò iṣẹ́ ọnà àti lítíréṣọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kún ibẹ̀ ni ó wá láti àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n ń sá fún ìyà, wọ́n sì ń wá iṣẹ́. Wọ́n kó orin, ìtàn àti èdè ẹnu wọn dání. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ irú èdè bẹ́ẹ̀ yẹ nínú ìwé?

Countee Cullen tẹ̀ lé ìlànà àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá John Keats. Ewì rẹ̀ gún régé, n kò bù ú kù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni Langston Hughes gbà. Nínú ìwé rẹ̀, The Weary Blues (1926), ó mú ìró orin búlúùsì wọ inú ewì. Nígbà tí ìwé ewì rẹ̀ kejì jáde ní 1927, àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú kan bẹnu àtẹ́ lù ú. Lójú tiwọn, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ̀rù wọn kò ṣàìnídìí: láti nǹkan bí 1830 ni àwọn aláwọ̀ funfun ti ń kun ojú dúdú, tí wọ́n ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí ìtàgé. Síbẹ̀, lérò tèmi, ẹni tí ó tijú èdè ìyá rẹ̀ gan-an ni ó fi ọwọ́ òsì júwe ilé.

Zora Neale Hurston, ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, ni ẹ̀rí mi. Ní 1927 àti 1928, ó lọ sí ìpínlẹ̀ Alabama láti gbọ́ ìtàn baba arúgbó kan, Kossola, tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis. Ọmọ Yorùbá ni baba yìí, láti agbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì ni ó mú un. Ọkọ̀ Clotilda gbé e lọ sí oko ẹrú ní 1860. Bí ó ti ń jáde lẹ́nu baba ni Hurston ṣe kọ ọ́. Olùtẹ̀wé ní kí ó yí i padà sí èdè ìwé, ó kọ̀. Ìwé náà, Barracoon, kò jáde títí di 2018, ọdún 58 lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó pa baba wa lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà sínú àròkọ ní ẹ̀ka-èdè Yàgbà. Yíǹkì pupa ni mo fi fagi lé e. Mo kábàámọ̀ rẹ̀. Ó tọ́ kí a kọ́ ọmọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò; kò tọ́ kí a gba ohùn àgbà lẹ́nu rẹ̀.