Àtẹ Odù àti Ọgbọ́n Ìgékúrú

Àwọn kan a máa sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Ní Mọ́níyà níhìn-ín, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ìdíje wọn ni ẹni tí yóò fi àmì-ìkọ̀wé tó kéré jù lọ tẹ́ àtẹ odù. N kò lòdì sí eré náà. Ohun tó wà nínú àtẹ ọ̀hún ni kí a yẹ̀ wò.

Apá méjì ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní. Awẹ́ mẹ́rin wà ní apá kọ̀ọ̀kan. Awẹ́ tó bá ṣí jẹ́ ìlà kan, èyí tó dojú bolẹ̀ jẹ́ ìlà méjì. Nípa bẹ́ẹ̀, apá kan lè gbé odù 16 jáde, apá méjèèjì a sì jẹ́ 256. Èdè APL, tí ó ti inú ìwé Kenneth Iverson ti ọdún 1962 wá, fi àmì-ìkọ̀wé 10 tẹ́ gbogbo rẹ̀: (8⍴2)⍴⍳256. Àtẹ ọlọ́nà mẹ́jọ ni, awẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó wú mi lórí, n kò ní purọ́.

Ti Python ni kò wú mi lórí. Olùfẹ́ ìgékúrú a kọ [[0]*2]*4: ipele mẹ́rin, òsì àti ọ̀tún, kí 0 dúró fún ìlà kan, kí 1 dúró fún méjì. Ogbè ni ìhà méjèèjì. Kí ó wá yí awẹ́ òkè lápá òsì padà kí ó lè rí Ogbè-Ọ̀sá. Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú ni yóò bá níbẹ̀! Ipele kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà dá, ó kàn ń tọ́ka sí i lẹ́ẹ̀mẹrin ni. Babaláwo tó bá ṣe irú àṣìkà bẹ́ẹ̀, ẹbọ ẹlòmíràn ni yóò ní kí aláìsàn rú.

Àléébù ti APL fara sin ju èyí lọ. Bí a bá fi òǹkà rẹ̀ to apá kan, lẹ́yìn Ogbè, 1111, Ògúndá, 1112, ni yóò kàn. Àwọn awo kò tò ó bẹ́ẹ̀. Ọ̀yẹ̀kú, 2222, òdìkejì Ogbè pátápátá, ló tẹ̀ lé e. Ìwòrì, 2112, àti Òdí, 1221, tún wá kọjú síra wọn. Ìtò àgbà sí àbúrò ni. Ká má tilẹ̀ tíì sọ ti ẹsẹ Ifá, tí awo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ sórí, tí kò sí nínú àmì 10 náà rárá. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé ìtò àwọn awo ní láti kọ odù mẹ́rìndínlógún sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètò rẹ̀ yóò sì gùn.