Alberto Burri: Dókítà Tó Rán Àpò Di Àwòrán

Dókítà ni Alberto Burri kó tó di ayàwòrán. Città di Castello ní Ítálì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1915. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Tùnísíà lọ́dún 1943, wọ́n sì gbé e lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Hereford, Texas. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Nígbà tó padà délé lọ́dún 1946, ó dágbére fún iṣẹ́ ìṣègùn.

Àpò ìdọ̀họ tí wọ́n fi ń kó ọjà ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ẹ wò ó dáadáa: àpò ti gbó, ó ti lu, Burri wá fi okùn rán an pọ̀, ó jẹ́ kí ọ̀dà pupa máa yọjú láti inú ihò rẹ̀ bí ojú egbò. Àwọn kan ní awọ èèyàn ni dókítà ń rán. Òun fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ ṣàlàyé, ọgbọ́n sì nìyẹn lójú tèmi. Lẹ́yìn náà ló fi iná sun igi àti ọ̀rá, tó sì jó irin pọ̀.

Ṣùgbọ́n Gibellina ló ti ṣe àṣepé. Ìmìtìtì ilẹ̀ pa ìlú náà run ní Sicily lọ́dún 1968. Wọ́n ní kó ṣe iṣẹ́ ọnà sí ìlú tuntun, ó kọ̀. Orí àwókù ló fẹ́. Láti 1984 ni wọ́n ti ń da sìmẹ́ńtì funfun bò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èèyàn, wọ́n fi àyè sílẹ̀ níbi tí àwọn òpópónà wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ dúró ní 1989. Ọdún 2015 ni wọ́n tó parí rẹ̀, 20 ọdún lẹ́yìn ikú Burri. Ẹni tó bá dé Sicily, kó má wò ó lókèèrè nìkan. Kó rìn wọnú rẹ̀.