Ohun Èlò Ilé tí Apá Kò Ká Mọ́

Láti ọdún 1976 ni pẹ́ẹ̀gì aṣọ kan ti nàró láàárín ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Irin ni, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 45, Claes Oldenburg ló sì ṣe é. Òdìkejì títì ni gbọ̀ngàn ìjọba ìlú wà, níbi tí ère William Penn, ẹni tó tẹ ìlú náà dó, ti dúró lórí ilé gogoro. Ẹsẹ̀ bàtà 37 ni Penn ga. Bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́ẹ̀gì yìí, kò ní bá a dọ́gba. Ó rọrùn láti pe irú iṣẹ́ báyìí ní àwàdà, kí a sì kọjá lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ló mọ ohun èlò ilé, ojú kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń sá aṣọ kì í wo pẹ́ẹ̀gì kó tó fún un nídìí. Nígbà tí ó bá tóbi kọjá ohun tí apá ká, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọwọ́, ojú ni yóò sì gbà á ṣe. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n irú ère bẹ́ẹ̀ ni bóyá ìtóbi rẹ̀ tú ohun tí ìlò ti bò mọ́lẹ̀ nínú ìrísí rẹ̀ síta.

Pẹ́ẹ̀gì Philadelphia tú u síta. Apá méjì ló fara ti ara wọn, tí sípíríǹgì sì dì wọ́n mú. Ní gíga yẹn, ẹni méjì tó dì mọ́ ara wọn ni a ń wò. Oldenburg fúnra rẹ̀ fi í wé ère Constantin Brancusi, ti olólùfẹ́ méjì tó ń fẹnu konu, èyí tó wà ní ilé ọnà ìlú kan náà. Lára sípíríǹgì ọ̀hún, a tún lè ka 76, ọdún tí Amẹ́ríkà ń ṣe àjọyọ̀ igba ọdún òmìnira. Bákan náà ni ti ṣíbí tí òun àti aya rẹ̀, Coosje van Bruggen, gbé kọjá lórí adágún kékeré nínú ọgbà ère Minneapolis ní 1988, tí èso ṣẹ́rì kan wà lẹ́nu rẹ̀. Afárá ti wà nínú ẹ̀yìn ṣíbí tó tẹ̀ kọdọrọ látọjọ́ pípẹ́. Oúnjẹ ni kò jẹ́ kí a rí i.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ọlọ́jà náà ń ṣe é. Òótọ́ ni. Ní 1997, ilé-iṣẹ́ Longaberger, tó ń ta apẹ̀rẹ̀, kọ́ olú ilé-iṣẹ́ alájà méje sí ìlú Newark ní Ohio, ní ìrísí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń tà gan-an, tòun ti ọwọ́ ìdìmú lórí òrùlé. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí apẹ̀rẹ̀ kékeré sọ ni ńlá náà ń tún sọ: ẹ wá rà mí. A kò mọ apẹ̀rẹ̀ sí i nítorí rẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni pé owó àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń gbé irú ère wọ̀nyí dìde, nítorí náà ìpolówó ọlá ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ ère òǹtẹ̀ ńlá tó wà ní ìlú Cleveland ni mo fi ń dá a lóhùn. Standard Oil ti Ohio ló ní kí Oldenburg àti van Bruggen ṣe é fún iwájú olú ilé-iṣẹ́ wọn. Ṣe ni ì bá dúró ṣánṣán, kí ojú rẹ̀ tí wọ́n kọ FREE sí dojú bolẹ̀. BP gba ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ ère náà. Ìpolówó tí olówó fúnra rẹ̀ kò fẹ́ níwájú ilé rẹ̀, ìpolówó wo nìyẹn? Ọdún 1991 ni ó tó rí ààyè ní Willard Park, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ìjọba ìlú, tí wọ́n sì fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Akọ̀wé tó ń tẹ òǹtẹ̀ kì í rí ojú rẹ̀ lásìkò tó ń tẹ̀ ẹ́, ìwé ló kọjú sí. Bí wọ́n ti dá òǹtẹ̀ yìí dùbúlẹ̀ ni FREE bọ́ síta, fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá.