Àkúdàáyà Tó Wá Gba Ẹ̀mí Padà
Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí nípa Aníkúlápó: Rise of the Spectre, eré tí Kúnlé Afọláyan gbé sórí Netflix ní 2024, èsì mi rèé: ó dáa, àmọ́ ó kánjú.

Àkúdàáyà tí àwọn àgbà Ìdànrè níbí ń sọ, ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló ń sá lọ. Ti Saro yàtọ̀: ó padà wá gba ẹ̀mí àwọn òkú tó fi agbára ẹyẹ àkàlà jí nínú fíìmù 2022. Ẹni tó jí lè ti bímọ, kó ti dáko. Ará ilé wo ló máa gbà kó kú lẹ́ẹ̀kejì? Ibẹ̀ ni ẹkún wà. Ṣùgbọ́n ká tó jókòó ti irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ààfin Ọ̀yọ́ á ti já wọlé. Ìjà ìjòyè ti sú wa. Ọ̀fọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo fẹ́ wò.